Tííbù Méjì Tí Mo Kọ IYA Sí

Èmi tí mo máa ń bú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé wọn kò kọ orúkọ dáadáa sára tííbù, èmi náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní labò wa, ilé ìwádìí tó wà ní yunifásítì Calavi, tí tííbù méjì wà lọ́wọ́ mi, tí n kò sì mọ èwo ni èwo. A ń kó kúrò nínú ilé àtijọ́ lọ sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní èmi fúnra mi ni n ó tú àpótí tábìlì mi, kí ẹnikẹ́ni má baà kó ohun tó wúlò dànù mọ́ ìdọ̀tí. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn ìwé tí eku ti jẹ létí, mo rí páálí kékeré kan. Tííbù méjì, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣe ìwádìí, ló wà nínú rẹ̀. Omi inú wọn mọ́ kedere, nǹkan funfun díẹ̀ bí ìyẹ̀fun sì sùn sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ IYA sára ọ̀kan. Mo kọ IYA sára èkejì.

Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ wọ́n, láìsí àmì kankan lórí. Ọ̀kan jẹ́ ìyá, èkejì jẹ́ ìyà. Nígbà tí mo kọ wọ́n, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo rò pé n kò lè gbàgbé èwo ni èwo láéláé.

Ìdáàṣà là ń sọ nílé wa. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní lékòlù, ilé ìwé wa, bí o bá sì gbàgbé àmì kan ṣoṣo lórí lẹ́tà Faransé, olùkọ́ yóò fi bírò pupa yí i po bí ẹni tó mú olè. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní àmì orí èdè tiwa. Ẹnu la fi mọ̀ ọ́n. Yorùbá inú ìwé tí mo fi ń kọ èyí, ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo jókòó kọ́ ọ fúnra mi, ó sì ti pẹ́ jù fún tííbù méjì wọ̀nyẹn.

Iṣẹ́ tí mo fi gba oyè ni wọ́n. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ irú di irú máa ń ṣe nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n. Mo mú díẹ̀ nínú irú tí ìyá mi ṣe ní Dassa, mo sì ra irú mìíràn ní ọjà Bohicon, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní áfítìn, kí n lè fi wé ara wọn. Mo pín ti ọjà sí méjì. Mo fún apá kan ní oúnjẹ, mo kọ YO sí i, ìyẹn ni pé ó yó. Omi lásán ni mo fi apá kejì sí, mo kọ IYA sí i, nítorí pé ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́. Ti ìyá mi, inú omi lásán lòun náà wà. IYA ni mo kọ sí tirẹ̀ náà. Mo to ìyá sọ́tùn-ún, mo to ìyà sósì, ọgbọ́n mi sì parí síbẹ̀.

Bí ìgbà mìíràn ni, ǹ bá da méjèèjì nù. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí ìyá mi ti kú, kò sì sí irú ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbì kankan láyé yìí, àfi nínú ọ̀kan nínú tííbù méjì wọ̀nyẹn. Èmi ni mo sì fa ìyẹn. Irú tó fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn, ewé ló fi dì í, ó tún fi ọ̀rá lé e. Èmi àti ọmọbìnrin kan láti Cotonou la jọ ń gbé yàrá nígbà náà. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo imú, ó bi mí pé kí ló ń rùn. Ojú tì mí. Mo ní, "Ó ti bàjẹ́ ni," mo sì gbé e jáde lọ dà á nù sí ibi ìdalẹ̀nù. Kò bàjẹ́. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí wọ́n pè mí láti Dassa pé kí n máa bọ̀ kíá. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá jẹun tán, ó máa ń dà bíi pé n kò tíì jẹun.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn kòkòrò yìí. Nígbà tí oúnjẹ bá tán, wọn kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣíwọ́ ọmọ bíbí. Wọ́n á máa jẹ ohun tó ṣẹ́kù lára àwọn tó kú. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń tu oró sí ọmọ ìyá wọn, kí wọ́n lè jẹ òkú rẹ̀, kí wọ́n sì fi sún ọjọ́ síwájú díẹ̀ sí i. Ìgbà tí kò bá wá sí nǹkan kan mọ́ pátápátá, èyí tó bá lè ṣe é á fi ògiri pín inú ara rẹ̀ sí méjì, apá kan tóbi, apá kejì kéré. Èyí tó tóbi á yí èyí tó kéré po, á gbé e mì sínú ara rẹ̀, á máa wọ̀ ọ́ ní èèpo lórí èèpo, gbogbo ohun tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa fún un. Tó bá parí, òun á bẹ́, á kú. Kékeré yẹn nìkan ló máa kù, tó ti di kóró líle. Kóró náà kò jẹ, kò mu, kò bẹ̀rù oòrùn, kò bẹ̀rù ọ̀dá. Ó lè sùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún títí tí oúnjẹ yóò fi dé.

Àwọn Faransé pe èyí tó tóbi yẹn ní ìyá. Orúkọ tó wà nínú ìwé nìyẹn, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ọjọ́ tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ yà á sójú pátákó, gbogbo kíláàsì ń dà á kọ. Èmi kò lè dà á kọ. Mo ń wo àwòrán náà, ìyá mi sì ń wá sọ́kàn mi ṣáá, pẹ̀lú bó ṣe máa ń ní òun ti jẹun lóko.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń di kóró. Àwọn kan á takú, wọn á máa jà fún èérún tó bá ṣẹ́kù, níbi tí wọ́n sì ti ń jà ni àṣìṣe ti máa ń wọ inú ara wọn. Àṣìṣe mìíràn a máa pa wọ́n, òmíràn a sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fi èérún gbé ayé. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni yóò gba ilé. Nítorí náà, àwọn tó bá jáde nínú ìyàn tó gùn lè má jẹ́ irú àwọn tó wọ inú rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa tííbù náà nìyẹn.

Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá mi fi ń ṣe irú láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ilé wa wà ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí àpáta ti wọ àgbàlá, tí a sì ń sá nǹkan sórí rẹ̀. Yóò se irú náà láti òwúrọ̀ títí di ọjọ́ kejì, yóò gún un, yóò fọ èèpo rẹ̀ kúrò, yóò tún un sè, kó tó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ náà, tí yóò fi ewé àti àpò bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá ti kó irú kúrò, òkè ààrò ló máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́. Ó dúdú, ó ń dán fún epo, ó sì ń rùn. Kì í fọ̀ ọ́ láé. Tí o bá bi í pé kí ni apẹ̀rẹ̀ ń ṣe lókè níbẹ̀, á ní, "Ó ń gbààwẹ̀." Ìjọ Àgùdà là ń lọ, ìyá mi sì mọ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì dunjú, àmọ́ ó ní apẹ̀rẹ̀ òun gba ààwẹ̀ ju òun lọ. Lọ́jọ́ tó bá tún fẹ́ ṣe irú, á gbé e sọ̀kalẹ̀, á ní, "Ó yá, wá ṣínu."

Mo wà ní kọ́lẹ́jì nígbà tí olùkọ́ kan kọ́ wa nípa ìmọ́tótó. Ó ní àrùn ń gbé inú ohun tí a kò bá fọ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ bí ẹni gba ìhìn rere. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi lọ sí Akofodjoulè lọ wá hóró irú, mo sì gbé apẹ̀rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kànrìnkàn ha á, mo rẹ ẹ́ sínú jáfẹ́lì, oògùn tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun. Mo sá a sórí àpáta. Ó funfun débi pé n kò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo jókòó tì í, mo ń dúró de ẹni tó máa yìn mí.

Ìyá mi dé, ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wo àpáta. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó gbé e sí imú, ó sì rọra gbé e padà sílẹ̀. Ó ní, "O ti pa wọ́n." Kò pariwo, kò nà mí. Ó wọlé lọ. Ìbá kúkú nà mí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sínú igbá, ó ní òun ń lọ kí aláìsàn kan. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló tún ṣe irú. Nígbà tó ṣí i, ó pè mí, ó fi díẹ̀ sí mi lẹ́nu. Irú wa ni, kò yí padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o rí i? Wọn ò kú. Jáfẹ́lì rẹ ò ká wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí. Ìdí tí mo fi yan ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, kí n lè mọ ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ tí ọṣẹ, jáfẹ́lì àti oòrùn kò fi rí i pa. Nígbà tí mo kọ́ nípa kóró, mo ní háà, òun rèé! Mo sọ ìtàn apẹ̀rẹ̀ náà níwájú àwọn tó wá dán mi wò, inú wọn dùn, èmi náà sì fẹ̀.

Nígbà tí a kó dé ilé tuntun tán, mo jí àwọn tó wà nínú tííbù méjèèjì. Omi gbígbóná la fi ń ta kóró jí, lẹ́yìn náà la óò fún un lóúnjẹ. Nígbà tí mo dé labò lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, méjèèjì ti hù nínú àwo. Ọdún mẹ́sàn-án láìjẹ! Mo pariwo, ẹni tó ń gbálẹ̀ sá wọlé, ó rò pé mo jóná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò wọ́n dáadáa, ayọ̀ mi rọlẹ̀. Ọ̀kan rún bí aṣọ tí a kò lọ̀, èkejì dán bọ̀rọ́. Mo ṣí ìwé mi àtijọ́, ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ló rún. Ìyàn ti yí ọ̀kan padà. Kò sì sí nínú ìwé mi èyí tí ìyàn máa yí padà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ ka àbùdá wọn. Kí ni kí n wá fi wé e? YO ti sọnù tipẹ́. Èyí tí ǹ bá fi wé e, èmi ni mo dà á nù nítorí imú ọmọ Cotonou. Ahọ́n nìkan ló kù tó lè dájọ́, n kò sì gbẹ́kẹ̀ lé tèmi mọ́. Àbúrò ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí a ń pè ní Ìyá Tré nítorí pé abúlé Tré ni wọ́n fi í fún ọkọ sí. Òun náà ń ṣe irú láti kékeré.

Nígbà tí mo ti rí i dájú pé kò sí kòkòrò burúkú mọ́ wọn, mo fi àwọn méjèèjì ṣe irú nínú ilé ìdáná mi, ìkòkò lọ́tọ̀, igbá lọ́tọ̀. Dókítà irú tí kò ṣe irú rí! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bà á jẹ́ kó tó gbà fún mi. Mo fi ewé dì í, mo so òwú pupa mọ́ èyí tó rún, mo so funfun mọ́ èyí tó dán, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Dassa. Kí a tó dé Bohicon, gbogbo ọkọ̀ ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Obìnrin kan níwájú yíjú padà, ó ní kí ló ń rùn báyìí.

Mo ní, "Irú ìyá mi ni." Mo sọ ọ́ sókè débi pé awakọ̀ náà gbọ́. Ó pẹ́ jù, mo mọ̀, àmọ́ mo sọ ọ́.

Ní Dassa, mo gun alùpùpù onízémì, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, títí dé Tré. Ìyá Tré jókòó síwájú ilé, ó ń pa ẹ̀pà. Ó ti gbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Ta nìyẹn tó gbé irú dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun?"

Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

"Dókítà wa! Wọn kì í jẹ irú ní Calavi ni?"

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: tííbù, ìyá, ìyà. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà nù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ọdún tí o fi wà ní lékòlù, o ò lè kọ ìyá kó má di ìyà!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Ó bu omi, ó fi yọ ẹnu.

Ó gbé èyí tó ní òwú pupa sí imú, ó fi díẹ̀ kan ahọ́n, ó sì tu ú jáde. "Ti ọjà nìyí." Ó tún fi omi yọ ẹnu. Ó mú èyí tó ní òwú funfun, èyí tó dán, èyí tí ìyàn yí padà. Ó jẹ ẹ́. Ó tún bu díẹ̀ sí i.

Ó ní, "Irú mi nìyí."

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ti ìyá mi ni."

"Mo ní irú mi ni. Ìyà ti jẹ ẹ́ púpọ̀, ó ti gbàgbé nǹkan kan, iyọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pé mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé n kò ní mọ ti ara mi ni?" Ó wá wò mí bí ẹni tó rántí pé òun ti sọ ju bó ṣe yẹ lọ. "Kò sọ fún ọ títí tó fi lọ?"

Mo ní, "Kí ni kò sọ?"

Ó gbé àwo ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá mi rin ẹsẹ̀ láti Dassa wá bá òun, apẹ̀rẹ̀ tó funfun bí eyín wà lórí rẹ̀, ó sì ń sunkún. Òun, Ìyá Tré, ní òun fẹ́ bá a padà, kí òun lọ nà mí. Ìyá mi kọ̀. Ó ní ọmọ tó fọ nǹkan mọ́ kò ṣẹ̀. Ó ní inú mi dùn sí ohun tí wọ́n kọ́ mi, bí òun bá jẹ́ kí n mọ̀ pé mo pa wọ́n lóòótọ́, n kò ní fọwọ́ kan ìwé mọ́. "Mo bu irú mi fún un, ó fi para inú apẹ̀rẹ̀ náà níhìn-ín, lójú mi, títí ó fi rùn. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ni àwa méjèèjì ti gbà á, ọ̀kan náà ni. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti wá sọ ọ́ yìí, kó dárí jì mí."

Kóró kan tàbí méjì lè ti fara pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ náà lóòótọ́, jáfẹ́lì kì í sábà pa gbogbo wọn. N kò ní mọ̀ láé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tí mo fi gbogbo ayé mi wá ìdí rẹ̀, irọ́ ni, ìyá mi ló sì pa á nítorí tèmi. Ó ṣe mí bíi pé kó wà níbẹ̀, kó tún parọ́ mìíràn fún mi.

Mo sunkún níwájú Ìyá Tré, bí àgbà tí mo jẹ́. Kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri wọ ilé ìdáná, ó sì gbé nǹkan jáde. Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó rí i. Apẹ̀rẹ̀ wa ni. Ó dúdú, ó ń dán, àpá ibi tí mo ti fi kànrìnkàn ha á jù ṣì wà létí rẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí ẹ ń pín ẹrù rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti fótò lo mú. Kò sẹ́ni tó wo òkè ààrò. Mo gbé e wálé kó má baà kú síbẹ̀. Mo ti ń fi ṣe irú láti ìgbà náà, n kò jẹ́ kó gbààwẹ̀ pẹ́."

Ọdún mẹ́jọ. Èmi ń tọ́jú ebi sínú páálí ní Calavi, òun ń bọ́ ọ ní Tré. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Kò jẹ́ kí n lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó bu irú tuntun sínú ewé, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀, pé mo lè bà á jẹ́. Ó ní ojú òun ti ń lọ, ta ni òun fẹ́ fi sílẹ̀ fún. Mo jókòó sẹ́yìn onízémì, mo gbé apẹ̀rẹ̀ sí itan, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Alùpùpù ti gbéra nígbà tí Ìyá Tré tún pè mí. Onízémì dúró, mo yíjú padà. Ó dúró síwájú ilé, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn.

Ó ní, "Má fọ̀ ọ́ o."